Ẹ̀kọ Lára Ògiri Forestville

Ògiri kan ni mo kọ́kọ́ bá ṣọ̀rẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibùdókọ̀ tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Forestville kọjú sí ẹ̀yìn ìlà ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan, tí ó ku agẹrun kan àti alágbàfọ̀ kan péré nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ògiri gbọọrọ kan, àwọ̀ eérú, tí kò ní fèrèsé. Ní àárọ̀ tí òtútù bá mú débi tí imú ń dun èèyàn, kò sí ohun mìíràn tí ojú mi lè wò. Mo wò ó títí mo fi mọ gbogbo ibi tó ti là. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. "Ẹ káàárọ̀, mà," màá sọ ọ́ sínú ìborùn mi, nítorí ó dàgbà jù mí lọ, mo sì ti rí i pé ní ìlú yìí, bí èèyàn ò bá wá ohun tó máa kí, ọ̀sẹ̀ kan lè lọ tí kò ní fi èdè rẹ̀ la ẹnu.

Àwọn ará ilé rò pé òtútù ló máa ń kọ́kọ́ ba àlejò lẹ́rù níbí. Ní tèmi, àwọ̀ ni. Ilé Ìyá Kóyin ní Fairwood ni mo kọ́kọ́ dé sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ìyá Kóyin, nọ́ọ̀sì àgbà ni, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni láti kékeré, ó sì ti pẹ́ níbí débi pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bínú sí òjò. Gbogbo ilé àdúgbò rẹ̀ ló ní àwọ̀ kan náà, àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì púpọ̀ jù sí. Ní ọjọ́ kẹta, mo jáde lọ nasẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Mo yí i, mo tún un yí, mo ń bá ilẹ̀kùn jà. Ọkùnrin kan ṣí i láti inú, ó wò mí, ó sì na ìka sí ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀ láìbínú. Ó jọ pé kì í ṣe èmi ni àkọ́kọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò kun ilẹ̀kùn yín láwọ̀ tó yàtọ̀, mà?" mo bi Ìyá Kóyin nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Association àwọn onílé ò ní gbà," ó ní. "Tó o bá kun door ẹ ní red níbí, lẹ́tà wọn á ti dé kí paint yẹn tó gbẹ."

Ó yẹ kí ìlú tí kò láwọ̀ wù mí, nítorí àwọ̀ ni mo sá fún. Aládìrẹ ni màámi, ní ìsàlẹ̀ Òkè Mápó n'Ìbàdàn. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe. Yóò ro láfún bí ẹni tó fẹ́ ro oúnjẹ, yóò bu alúmù sí i kó di ẹ̀kọ, yóò wá ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, yóò fi máa yàwòrán sára aṣọ funfun. Bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, aṣọ di inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa funfun nígbà tí a bá ha ẹ̀kọ náà kúrò. Ní igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, màámi máa ń ya ẹsẹ̀ adìyẹ kan pẹ̀lú àmì róbótó mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè mọ ọwọ́ ẹni tó yà á. Èmi ni mo máa ń ha ẹ̀kọ. Èékánná mi dúdú láti kíláàsì kìíní títí mo fi jáde girama, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Ìyá Aláró, mo sì búra pé ọjọ́ tí mo bá bọ́ lọ́wọ́ aró, mi ò ní bojú wẹ̀yìn.

Mo bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ níbí, làkúrègbé ti ká màámi lọ́wọ́ kò, kò lè di ìyẹ́ mú mọ́. Kò sunkún níwájú mi. Ó kàn gbé ọwọ́ mi, ó wo èékánná mi tó ti funfun nini, ó ní, "Iṣẹ́ yìí á kú sí mi lọ́wọ́ nìyẹn." Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́, mà. Ìdáhùn ọ̀lẹ ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kúrò lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mo rí yàrá tèmi ní Forestville, nítòsí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n wẹ̀ wọ́n, kí n wọṣọ fún wọn, kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n sì gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà bíi pé mi ò gbọ́ ọ rí. Iṣẹ́ náà kò tì mí lójú. Orúkọ ló ṣòro fún mi. Wọ́n ní kí n máa pe bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ní Walter. Walter lásán, bí ọmọ tí a fẹ́ rán lọ ra iyọ̀. Ahọ́n mi kọ̀. Mo ń pè é ní Daddy Walter, ọ̀gá mi sì bá mi wí lẹ́ẹ̀mejì.

Àfi ọjọ́ kan tí obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ bíbí àdúgbò yìí, pe ìyá arúgbó kan ní Miss Ruth. Mo bi í pé kí ló dé tó fi Miss síwájú orúkọ ẹni tó ti bímọ mẹ́sàn-án. Ó ní bí wọ́n ṣe tọ́ òun nìyẹn, pé nílé àwọn, ẹnì kan kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn. Àwọn náà ní "ẹ" tiwọn. Mo ti ń wá a kiri láti ìgbà tí mo dé, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, pé aṣọ mìíràn ló wọ̀.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pe màámi. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà: kí lo jẹ, ta lo kí? Ti oúnjẹ kì í ṣòro. Ti ìkíni ló máa ń mú kí n wá irọ́ pa. Lọ́jọ́ kan ó ti rẹ̀ mí, mo sọ òótọ́.

"Ògiri kan ni mo kí, mà."

"Ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

"Rárá, mà."

"Kí ni wọ́n yà sí i lára?"

"Wọn ò ya nǹkan kan, mà. Ó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni."

"Abájọ," ó ní. "Wọn ò tíì la ẹnu fún un."

Mo rẹ́rìn-ín, a sì sọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe dúró de bọ́ọ̀sì, mo rí i pé mò ń fi ojú ya òpó sára ògiri náà. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, lẹ́yìn náà ṣíbí, òpó, ṣíbí. Àwòrán tí àwọn aládìrẹ ń pè ní Ìbàdàndùn nìyẹn, àwòrán tí mo ti ha lára aṣọ títí ó fi sú mi. Mi ò mọ̀ pé mo ru ú wá síbí. Mo ti rò pé aṣọ òtútù àti ìwé ẹ̀rí nìkan ló wà nínú ẹrù mi.

Ìgbà tí òtútù ń lọ, àwọn òṣìṣẹ́ kan dé, wọ́n kun ọ̀rẹ́ mi ní funfun láti òkè délẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ibùdókọ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò fẹ́ fi àwòrán sọ ìlà ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ náà àti òpópónà ẹ̀yìn rẹ̀ dọ̀tun. Ògiri mẹ́fà ni, wọ́n sì ń wá ẹni mẹ́fà tó máa yà wọ́n. Kò yẹ kó kàn mí. Síbẹ̀ inú bí mi bí ìyá tí wọ́n fẹ́ fọmọ rẹ̀ fọ́kọ láìsọ fún un. Ta ló fẹ́ wá ya kí ni sára ògiri tí mo ti ń kí láti ọjọ́ pípẹ́ wá?

Mo pe Kóyin. Ọmọ Ìyá Kóyin ni, wọ́n bí i sí Maryland níbí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Largo. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ oúnjẹ àti ìbáwí. Ó ní òun á bá mi kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà, kí n sáà máa dáhùn. Mo wà níbi iṣẹ́, mò ń jẹun ọ̀sán, àwọn èèyàn ń pariwo lẹ́yìn mi.

"Ańtí, wọ́n ní what materials will you use?"

"Ẹ̀kọ," mo wí.

"Ẹ̀kọ́?"

"Ẹ̀kọ."

"Wow," ó ní. "Ańtí, that's so deep."

Kí ló jinlẹ̀ nínú láfún? Mo rò pé ọmọ náà kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí níbi iṣẹ́, ó ń kígbe ayọ̀. Wọ́n ti mú mi, wọ́n sì fún mi ní ògiri tí mo ń kí. Ó ka lẹ́tà wọn sí mi létí, ó ń tú u bó ṣe ń lọ. "Wọ́n ní gbogbo àwọn yòókù, paint, paint, spray paint. Ìwọ nìkan lo sọ pé material ẹ ni education."

"Pé kí ni?"

"Education, now. Ẹ̀kọ́. Bó o ṣe sọ."

Mo jókòó sórí ibùsùn Daddy Walter. Ohùn kan péré ni ọmọ náà fi ṣì í, ó gbé e sókè níbi tó yẹ kó fi í sílẹ̀, ohùn yẹn ló sì gba ògiri fún mi. Ẹni tó dúró gbọn-in fún mi nínú ìpàdé wọn ni alága ẹgbẹ́ náà, Miss Hattie, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí n pè é lọ́jọ́ náà gan-an kí n ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, oúnjẹ ni mo sọ. Mi ò pè é. Mo fẹ́ ògiri náà ju bí mo ṣe fẹ́ òótọ́ lọ, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí mo sọ fún màámi pé wọ́n fún mi ní ògiri, kò bá mi yọ̀. Ó bi mí pé ṣé ọwọ́ mi ṣì mọ ọ̀nà. Mo ní bóyá. Ó ní, "Bóyá kì í ya òpó." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ ohun tó ń bi mí: ṣé iṣẹ́ tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe títí ọwọ́ náà fi rọ, ó ti parí, àbí kò tíì parí?

Mo ra láfún ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé, mo rí alúmù láàárín àwọn èròjà ọbẹ̀. Ìyẹ́ ló dá mi dúró. Adìyẹ ìlú yìí kì í ní ìyẹ́, ó jọ pé ìhòòhò ni wọ́n ń bí wọn. Ìyá Kóyin ló rántí àwọn gúùsì, pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tó máa ń rìn yí adágún omi Fairwood ká bí onílẹ̀. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ ṣa ìyẹ́ wọn létí omi. Ọ̀kan lé nọ́ọ̀sì àgbà náà dé ìdí mọ́tò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Miss Hattie ti dúró dè mí lẹ́bàá ògiri, ó wọ fìlà funfun, ó gbé àpò ìwé kan dání. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó bi mí pé níbo làwọn ọmọ ilé-ìwé wà, nítorí ó ti rò pé àwọn ọmọdé ni màá fi ya ògiri náà. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ mi sílẹ̀. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi. Kò sí ibi tí mo tún lè sá sí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀kọ, ẹ̀kọ́, ọmọ tí wọ́n bí síbí, lẹ́tà tó dé, ẹnu mi tí mo pa mọ́.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó jẹ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un. Ó ní orúkọ òun lòun fi ṣe ìdúró fún mi nínú ìpàdé yẹn. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo àdúgbò ń bọ̀ wá wo ògiri mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí àwòrán kò bá hàn lára tèmi nígbà tó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ á kùn ún ní funfun padà, òun ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú sùúrù mu omi dáadáa, nítorí oòrùn. Àgbà ni.

Mo bẹ̀rẹ̀. Òpó tí mo kọ́kọ́ yà tẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, ìyẹ́ ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mo ya òpó Mápó, mo ya ṣíbí, ṣùgbọ́n láàárín wọn, níbi tí màámi ì bá ya ewé sí, mo ya gúùsì Fairwood, mo ya òpó ibùdókọ̀, mo sì ya bàtà rọ́bà oníhò tí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwa olùtọ́jú àgbà máa ń wọ̀. Mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wò ó pé ẹni tó kọ́kọ́ ya Ìbàdàndùn náà kò gbàṣẹ, ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ló yà. Forestville dùn, mo wí fún ara mi, ó sì yà mí lẹ́nu pé kì í ṣe irọ́.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé kò dùn ún wò o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin ará El Salvador kan ti fi ẹyẹ aláràbarà kún ògiri tirẹ̀ débi pé àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè kí i. Lọ́wọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ya ojú ìyá arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé, òpópónà tó ti ń dà bí ibojì ti ń jí. Ògiri tèmi dà bí ẹni tí làpálàpá mú. Ọkùnrin kan tó ń kọjá bi mí pé ìgbà wo ni màá wẹ ìdọ̀tí yẹn kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo fi róólà kun gbogbo rẹ̀ ní búlúù, búlúù tó ṣókùnkùn bí aró àtàtà. Mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń sá aṣọ. Ọmọ aláró kì í kánjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo na rọ́bà omi sí i, mo ń retí kí òpó jáde.

Òpó kankan kò jáde. Omi ń ṣàn lára ògiri bí ìgbà tó ń ṣàn lára ewé kókò. Mo fi ọwọ́ họ ọ́, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Búlúù ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Miss Hattie dé, ó dúró lẹ́yìn mi. Ó na ọwọ́, ó fi kan ògiri náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó ní aago mẹ́wàá ọ̀la. Bó ṣe ń lọ, ó ń rìn bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà máa fìdí rẹmi.

Mo jókòó síbi ìdúró bọ́ọ̀sì, mo pe Ìbàdàn.

"Màámi, ẹ̀kọ ò kúrò."

"Kí lo fi kùn ún?"

"Ọ̀dà, mà."

"O fi ọ̀dà kun orí ẹ̀kọ, o wá sá a di ọjọ́ kejì?"

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń ṣe, mà."

"Aró ni tèmi," ó ní. "Aró máa ń wọ ara aṣọ ni. Ọ̀dà ní tiẹ̀, awọ ló máa ń dà bo nǹkan. O da omi tútù lé awọ, o wá ń retí kí ẹ̀kọ gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo sọ fún un pé wọ́n máa pa á rẹ́ lọ́la, pé mo ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, pé ó sàn kí n má fọwọ́ kàn án rárá. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

"Ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìkòkò," ó ní, "báwo la ṣe ń ṣe é?"

"À ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, mà."

"Kí la fi ń ha á?"

"Ṣíbí, mà."

"O mọ̀ ọ́n. Kí lo wá pè mí fún?" Ó pa fóònù, mo sì pe Ìyá Kóyin.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mọ́tò Ìyá Kóyin dúró lẹ́bàá ògiri. Òun àti nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n gbé kúlà omi gbígbóná, wọ́n kó táwẹ̀lì ilé gbogbo wọn wá, wọ́n sì kó ṣíbí, ṣíbí ìjẹun, ṣíbí ìgbọ́bẹ̀. Kóyin tẹ̀ lé wọn, ojú ń tì í.

"Ańtí, so it was food?"

"Ẹ̀kọ ni."

"Ẹ̀kọ́."

"Ẹ̀kọ, Kóyin."

"I swear, I can't hear the difference."

"Máa ha ògiri lọ," ìyá rẹ̀ wí. "O máa gbọ́ ọ tó bá yá."

Mo rẹ táwẹ̀lì àkọ́kọ́ sínú omi gbígbóná, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo fi àyà mi tì í, mo kà á dé igba. Nígbà tí mo ká a kúrò, búlúù náà ti wú díẹ̀ bí ara ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Mo fi ṣíbí kàn án. Awọ ọ̀dà ya, ẹ̀kọ tó ti rọ̀ tẹ̀ lé e, ìlà funfun kan sì yọ, ó funfun bí eyín. Ìyá Kóyin yíjú sí àwọn tó kù. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé ṣíbí."

A ha, a ha. Àwọn obìnrin tí wọn ò tíì fojú kan oorun ń ha ògiri, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀kan ní òun ti rí bàtà òun lára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Obìnrin ẹlẹ́yẹ aláràbarà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà rẹ̀, ó tọrọ ṣíbí. Alágbàfọ̀ gbé omi gbígbóná jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀dà funfun, Miss Hattie sì wà níwájú wọn. Ìdajì ògiri ti yọ. Òpó ń dìde, ṣíbí ń dìde, gúùsì na ọrùn láàárín wọn.

Miss Hattie wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ gbé róólà wọn padà sínú ọkọ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé mi lórí, ó ní ta ló ní ṣíbí tó ṣẹ́kù.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní oṣù tó kọjá, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan wọlé láti Springdale, ó ń bi awakọ̀ pé ibo ni kí òun ti sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ ní kó sọ̀ níbi ògiri ṣíbí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dárúkọ òpópónà. Mo yí ojú sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ni pé níbo ni mo ti wá. Mi ò kórìíra ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi júwe ọ̀nà fún ẹni tí kò mọ̀nà, àlejò kọ́ ni wọ́n máa ń fi júwe ọ̀nà.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, òpópónà kún. Mo pe màámi lórí fídíò. Ẹnì kan bá a gbé fóònù dání ní Ìbàdàn, màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ gíláàsì rẹ̀. Mo fi fóònù rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin, mi ò yára.

"Ṣíbí kẹta yẹn dorí kodò," ó ní.

"Mo ti rí i, mà."

"Bàtà ta nìyẹn?"

"Ti àwọn nọ́ọ̀sì ni, mà."

"Ta ló ní kí o fi sí i?"

"Èmi ni, mà."

"Hẹn," ó ní. Ẹni tí kò bá mọ màámi kò ní mọ̀ pé ìyìn ni.

Ó ku igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dúró síwájú ibẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ti fi táwẹ̀lì gbígbóná bò ó. Mo ká a kúrò, mo sì fi ṣíbí lé Miss Hattie lọ́wọ́. Olùkọ́ àgbà náà tẹ eékún balẹ̀, ó ń ha á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń nu pátákó ìkọ̀wé. Ẹsẹ̀ adìyẹ kan yọ. Àmì róbótó kan yọ lábẹ́ rẹ̀, ìkejì, ìkẹta.

"Sún mi mọ́ ọn," màámi wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sún fóònù mọ́ igun ògiri náà. Mo rí i tó gbé ọwọ́ tó ti ká kò sókè, tó fi ìka kan ojú fóònù ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Ọwọ́ mi nìyẹn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò dé Amẹ́ríkà rí."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí ni, mà," mo wí. "Ẹ káàbọ̀."